Bulúbẹ́rì Àlájà àti Àgbáyun Mi

Alihamudulilahi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi èso sórí igi fún àǹfààní ara wa. Ọjọ́ Àìkú kan wà ní Ìlódè tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé.

Èmi ni mo ti ń se sóbò fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa láti ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tó bá mi dù ú. Àfi ìgbà tí Àlájà Sìkírá ti London dé, tó gbé ike bulúbẹ́rì gbígbẹ dání. Ó ní èso náà dára fún ọkàn, pé ṣúgà tí à ń dà sínú sóbò ni kò dára. Gbogbo wọn ń jẹ bulúbẹ́rì, wọ́n ń wo bí ara Àlájà ṣe ń dán. Ìyá Àdínní, olórí wa, ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa yan ẹni tí yóò bójú tó ohun mímu Mọ́lúdì. Àlájà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Àyà mi ń ta bí ata. Mo kírun, mo tọrọ àforíjì owú jíjẹ. Kí n tó ká ẹní, mo tún ti ń jowú.

Mo rò ó pé bí òyìnbó bá ní èso wẹ́wẹ́ tó ń ṣara lóore, àwa náà ní. Mo ra àgbáyun. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, mo ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń se sóbò láìfi ṣúgà sí i. Mo tọ́ ọ wò: oyin. Mo tún tọ́ ọ wò. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti Àlájà.

Ní àsàlátù, mo kéde pé kò sí hóró ṣúgà kan níbẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ èso London kó lọ sí London. Wọ́n mu. Ìyá Àdínní dijú pinpin, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé àdúà ló ń ṣe fún mi, mo ní àmín. Ẹlòmíràn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo bá mu tèmi gbẹ níwájú wọn, mo ní ó dùn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú.

Àlájà ló béèrè jẹ́ẹ́jẹ́: “Ìyá Rámọ́tà, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Àgbáyun.”

“Àgbáyun tó ń sọ ọsàn wẹ́wẹ́ di oyin lẹ́nu, òun lẹ jẹ kẹ́ ẹ tó tọ́ sóbò wò?”

Ẹ̀rín sọ. Àlájà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìkòkò sóbò náà, ó da bulúbẹ́rì tó kù sí i, wọ́n sì mu ún tán. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ìyá Àdínní nu ojú, ó ní: “Ìwọ ni wàá máa sè é. Àlájà ni yóò máa tọ́ ọ wò.”

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe é títí dòní, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín ọ̀hún tilẹ̀ kan díẹ̀ bíi sóbò tí kò ní ṣúgà. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbáyun, bulúbẹ́rì, gbogbo wọn ló wúlò fún ara. Owú ni kò wúlò. Ìwọ tó kà á, kí Ọlọ́run fún ọ ní ìlera, kó má sì jẹ́ kí ire ẹlòmíràn di àrùn sí ọ lára.