Ìyá Mosúnmọ́lá àti Odídẹrẹ́ Méjì

Dégòkè, fi mí sílẹ̀ jàre. O ní òwe yẹn ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀yin tó kù, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà abà tiwa fi ń pa á lówe pé àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran?

Ìyá Mosúnmọ́lá ló ń dá gbé létí igbó. Ọkọ ti kú. Àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń wí pé àwọn ń bọ̀ wá kí i. Odídẹrẹ́ méjì tó ń gbé inú ihò ìrókò gbígbẹ kan lẹ́yìnkùlé ló kù tó ń dá a lóhùn.

Ni àwọn kan bá dé láti ìlú, wọ́n ní àwọn wá dáàbò bo odídẹrẹ́ kó má bàa tán láyé. Wọ́n kó àpótí pákó méjìlá dání pé kí ẹyẹ máa gbé inú ẹ̀. Ìyá lọ bá ọ̀gá wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi ibi tí wọ́n ń gbé hàn yín."

"Màmá, ẹ lọ sinmi. A ti kà nípa wọn nílé-ìwé."

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ igi náà sínú ìwé ọ̀hún?"

"Màmá, ẹ sinmi."

Wọ́n gbé àpótí kọ́ igi. Oyin gba mẹ́sàn-án, alángbá gba mẹ́ta. Oyin ta ọ̀gá nímú, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni imú rẹ̀ fi ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

Wọ́n ní ilẹ̀ táwọn dúró sí ni ò jẹ́ káwọn rí ẹyẹ, káwọn kan pèpéle gíga. Pákó dà? Wọ́n rí igi gbígbẹ kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gé e, wọ́n là á. Ìyá wà lóko lọ́jọ́ náà.

Oṣù méjì ni wọ́n fi jókòó sórí pèpéle, wọn ò rí ìyẹ́ kan. Ọ̀gá wá ránṣẹ́ pe Ìyá. Ìyá dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè.

"Màmá, níbo gan-an ni wọ́n ń gbé?"

"Ẹ ti jókòó lé e."

Gbogbo wọn wo abẹ́ ara wọn.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa padà, Màmá?"

"Ìgbà tí ìrókò mìíràn bá hù, tó dàgbà, tó kú, tó wá dihò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ká jọ máa retí wọn. Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó tiẹ̀ nídìí tó lè fi jókòó dè wọ́n."