Alágbára Tí Àlájà Rán Aṣọ Fún

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ kó jáde láìgba ìmọ̀ràn, ì báà béèrè, ì báà má béèrè. Àlájà Mardiyah, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ló ni ín. Ẹni tó ń já wọlé bọ̀ yìí ni Làtífù, ọmọ Ìwó tó yá yàrá sí Ìkòròdú, òṣèré fíìmù. Ẹ lè ti rí i rí kí ẹ máà mọ̀ pé òun ni. Òkú ló máa ń ṣe.

LÀTÍFÙ: Ẹ káàárọ̀, Àlájà. Aṣọ mi dà? Ọkọ̀ ojú omi ti wà létí ọ̀sà ní Ìbeṣe, Ẹ̀gbọ́n Adéòjó tó ń darí fíìmù wa ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

ÀLÁJÀ: Ṣé bí wọ́n ṣe ń sáré kí èèyàn ní Ìwó nìyẹn? Jókòó kí o kọ́kọ́ mí.

LÀTÍFÙ: Kò sáyè ìjókòó, mà. Tí mi ò bá tètè dé, Saheed ni wọ́n máa gbé e fún. Ó ti wọ aṣọ tiẹ̀ dúró.

ÀLÁJÀ: Kí ni wọ́n máa gbé fún un?

LÀTÍFÙ: Ipò alágbára. Àlájà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe fíìmù, òkú ni. Wọ́n á tẹ́ mi sáàárín ilé, wọ́n á fi aṣọ funfun bò mí, wọ́n á sunkún lé mi lórí, wọ́n á lọ jẹun. Mi ò sọ̀rọ̀ rí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún mi ní ẹ̀mí.

ÀLÁJÀ: Alihamudulilahi. Ẹ̀mí á gùn. Gbà, wọ̀ ọ́ kí n rí i.

Ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ tábìlì. Làtífù tú u, ó gbé aṣọ sókè, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ẹnu ẹ̀ là, ọ̀rọ̀ ò jáde. Iṣẹ́ tó mọ́ ọn lára náà nìyẹn.

LÀTÍFÙ: Àlájà, kí lèyí?

ÀLÁJÀ: Agbádá.

LÀTÍFÙ: Aṣọ èjìká ni mo ní kí ẹ rán, mà. Èyí tó máa ń fẹ́ lẹ́yìn alágbára tó bá ń fò lọ. Mo fi àwòrán ẹ̀ hàn yín nínú fóònù.

ÀLÁJÀ: Mo wo àwòrán. Ọmọkùnrin inú ẹ̀ dára lọ́mọ, àmọ́ wọ́n kánjú wọṣọ fún un. Aṣọ lẹ́yìn, kò ní iwájú. Mo ní bóyá aṣọ ló tán mọ́ télọ̀ wọn lọ́wọ́. Aṣọ ò tán lọ́wọ́ tèmi, mo bá fi iwájú sí i.

LÀTÍFÙ: Pupa kékeré yẹn ńkọ́? Èyí tí mo ní kó wà lórí ṣòkòtò búlúù?

ÀLÁJÀ: Pátá?

LÀTÍFÙ: Kì í ṣe pátá, mà.

ÀLÁJÀ: Làtífù, mo ti tọ́ ọmọkùnrin, mo mọ pátá. Mo ti gbé e sínú, ibi tó yẹ kó wà. Lọ́jọ́ tí o wá wọn aṣọ ni mo ti rí i pé ọkàn ẹ ò pa pọ̀, mi ò kàn fẹ́ dójú tì ẹ́ ni.

LÀTÍFÙ: Bí gbogbo wọn ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn, káàkiri ayé.

ÀLÁJÀ: Ṣé gbogbo wọn ò níyàá ni?

Làtífù tún ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó wá a kan ìdí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

LÀTÍFÙ: Ìbòjú ńkọ́, Àlájà?

ÀLÁJÀ: Mi ò rán an.

LÀTÍFÙ: Ẹ gbàgbé ni?

ÀLÁJÀ: Mi ò gbàgbé. Àwọn tí mo mọ̀ tó ń bojú kò ju ẹlẹ́hàá, egúngún àti olè lọ. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?

LÀTÍFÙ: Alágbára ni mí, mà. Ìjì Ọ̀sà lorúkọ mi. Tó bá jẹ́ ọjọ́ lásán, fọkanáísà ni mí, mò ń lẹ táyà lẹ́bàá títì níbí, Salman ni wọ́n ń pè mí. Bí ẹnì kan bá wá ń rì lọ́sà, mo máa sá sẹ́yìn àwọn táyà, mo máa pààrọ̀ aṣọ, mo máa bojú, mo máa fò lọ gbà á.

ÀLÁJÀ: Ẹni tó ń rì ńkọ́?

LÀTÍFÙ: Bíi báwo, mà?

ÀLÁJÀ: Nígbà tí o bá ń pààrọ̀ aṣọ. Ṣé ó máa ní kí omi ṣe sùúrù ni?

LÀTÍFÙ: Wíwọ̀ ẹ̀ kì í pẹ́.

ÀLÁJÀ: Pẹ̀lú pátá tí o ń fà gorí ṣòkòtò? Olúwa ẹ̀ ti bómi lọ. Báwo lo tiẹ̀ ṣe máa fò?

LÀTÍFÙ: Okùn ni. Wọ́n máa gbé e kọ́ igi àgbọn, wọ́n máa so mí nídìí mọ́ ọn, àwọn géńdé máa wà nísàlẹ̀ tí wọ́n á máa fà mí.

ÀLÁJÀ: Alágbára tí wọ́n ń fokùn fà bí àgbò iléyá.

Làtífù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó tún yára gbé ojú le, nítorí ẹni tó bá bá Àlájà rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù yìí ti gbà fún un nìyẹn.

LÀTÍFÙ: Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dà bíi pé ẹ ò mọ alágbára kankan.

ÀLÁJÀ: Èmi? Ṣé o ti gbọ́ orúkọ Àlímì Ọlọ́nì rí?

LÀTÍFÙ: Rárá, mà.

ÀLÁJÀ: Kò burú, Ìwó jìnnà sómi. Bàbá tó bí bàbá mi ni, l'Ẹ̀pẹ́ wa níbẹ̀. Ọ̀nì kan ló ń da àwọn apẹja láàmú, ó ń gbé wọn láwọ̀n mì. Ọ̀nì ọ̀hún gùn láti ìdí máṣíìnì yìí dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Àlímì bọ́ sómi lọ́sàn-án gangan, ó la ọ̀nì lẹ́nu, ó ní kó bi àwọ̀n òun jáde.

LÀTÍFÙ: Ó bì í?

ÀLÁJÀ: Ó bì í, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Àlímì wá gòkè, ṣé o mọ ohun tó ṣe?

LÀTÍFÙ: Ó lọ wẹ̀.

ÀLÁJÀ: Wẹ̀ kẹ̀? Ó jókòó sétí omi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, títí gbogbo Ẹ̀pẹ́ fi wá wò ó tán. Ó dúró títí àwọn ará Èjìnrìn fi wa ọkọ̀ dé. Ó ní kí wọ́n wo ojú òun dáadáa. Làwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, wọ́n ń pe ìyá ẹ̀, wọ́n ń pe bàbá ẹ̀. Ká ló ti bojú ni, ta ni wọn ì bá kì?

LÀTÍFÙ: Ó gbìyànjú o.

ÀLÁJÀ: Ọ̀nì tó gùn láti ibí dé gọ́tà ìta yẹn, ṣé ohun kékeré ni?

LÀTÍFÙ: Ẹnu ọ̀nà lẹ kọ́kọ́ pè é, mà.

ÀLÁJÀ: Mi ò tíì ka ìrù mọ́ ọn nígbà yẹn.

LÀTÍFÙ: Kí ló wá padà pa bàbá yín àgbà?

Àlájà tẹ máṣíìnì bíi pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú òun. Kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀.

ÀLÁJÀ: Egungun ẹja.

LÀTÍFÙ: Ẹni tó la ọ̀nì lẹ́nu?

ÀLÁJÀ: Ọ̀nì gbà fún un, ọ̀bọ̀kún ò gbà. Kò sí alágbára tí kò ní ohun tó ń mú un.

Fóònù Làtífù dún. Ó wo ojú ẹ̀, ó yára gbé e sétí.

LÀTÍFÙ (nínú fóònù): Ẹ̀gbọ́n Adéòjó, mo ti wà lọ́nà. Agric ni mo wà báyìí, mò ń bọ̀. Saheed ti gun ọkọ̀ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àjákù aṣọ.

LÀTÍFÙ: Àlájà, ẹ dákun, ẹ gé àkísà yòówù fún mi, ẹ dá ihò ojú sí i. Tí mo bá pàdánù èyí, ó di kí n padà sábẹ́ aṣọ funfun.

ÀLÁJÀ: Dìde. Kí ló dé tí alágbára yìí fi gbọ́dọ̀ bojú?

LÀTÍFÙ: Kí àwọn ọ̀tá má bàa dá a mọ̀ ni. Tí wọ́n bá dá a mọ̀, wọ́n á lọ ka ìyá ẹ̀ mọ́lé.

ÀLÁJÀ: Ìyá náà ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ òun ni?

LÀTÍFÙ: Kò mọ̀, mà. Fọkanáísà lásán lòun náà rò pé ó jẹ́.

ÀLÁJÀ: Ta ló wá ń ṣàdúà fún un?

Làtífù dìde, ó gbọn àjákù aṣọ kúrò lára. Àlájà yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó fi etí ìró nù ún.

ÀLÁJÀ: Ìyá tìẹ wá síbí.

LÀTÍFÙ: Ìyá mi?

ÀLÁJÀ: Nígbà tó wá kí ẹ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Bùbá ẹ̀ ló ní kí n bá òun tú lápá. Orí àga tí o ò fẹ́ jókòó sí yẹn ló jókòó sí. Ó ní kò sí fíìmù ọmọ òun tí òun ò wò ní Ìwó. Ó ní òun á pe ará ilé, òun á pe ará àdúgbò. Wọ́n á bi í pé, "Ìyá Làtífù, Làtífù dà?" Òun á nawọ́ sí aṣọ funfun, òun á ní, "Òun ló wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn."

Làtífù jókòó. Kò sẹ́ni tó tún rán an létí àga lọ́tẹ̀ yìí.

ÀLÁJÀ: Ó ní ẹsẹ̀ ẹ lòun fi ń dá ẹ mọ̀ tó bá yọ síta. Ó ní ọmọ ìka tó tẹ̀ yẹn, ti bàbá ẹ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ mo ti pẹ́ láyé, mo mọ ẹ̀rín tó ń dunni. Lẹ́yìn náà nìwọ gbé àwòrán dé, o ní wọ́n ti sọ ẹ́ dalágbára, kí n wá rán ohun tí wọ́n máa fi bò ẹ́ lójú. Mo gbìyànjú ẹ̀, Làtífù. Mo gé e, mo tún un gé. Ọwọ́ mi ò gbà á.

LÀTÍFÙ: Mo ti pè é, Àlájà. Mo sọ fún un pé lọ́tẹ̀ yìí, ó máa rí mi. Ó ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò. Mi ò tiẹ̀ rántí ìbòjú.

ÀLÁJÀ: Bíbò ti mọ́ ẹ lára ni. Wo àyà agbádá yẹn.

Làtífù tẹ́ agbádá sórí itan. Láyà ẹ̀, níbi tí iṣẹ́ ọnà máa ń wà, òwú wúrà ló wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: LÀTÍFÙ.

LÀTÍFÙ: Orúkọ tèmi lẹ kọ. Kì í ṣe ti alágbára.

ÀLÁJÀ: Ṣé Ìjì Ọ̀sà ló ni ọmọ ìka tó tẹ̀?

Làtífù gbé agbádá wọ̀, ó ká a sí èjìká. Ó ya àwòrán ara ẹ̀ nínú dígí Àlájà, ó fi ránṣẹ́, ó sì pe Ìbeṣe fúnra ẹ̀.

LÀTÍFÙ (nínú fóònù): Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, agbádá ni. Rárá, kò sí ìbòjú, mi ò ní bojú. Mo mọ̀ pé Saheed ní tiẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún un, ẹ gbé e fún un. Ìyá mi fẹ́ rí mi ni. Ó dáa, mò ń dúró.

ÀLÁJÀ: Kí ni wọ́n wí?

LÀTÍFÙ: Wọ́n ní kí n ní sùúrù, wọ́n ń fi han àwọn yòókù.

ÀLÁJÀ: Sọ fún wọn pé ọmọ ọmọ Àlímì ló rán an. Àlímì tó la ẹnu ọ̀nì tó gùn láti ibí dé ibùdókọ̀.

LÀTÍFÙ: Gọ́tà, Àlájà.

ÀLÁJÀ: Tí èmi fi ń dàgbà, kí lọ̀nì máa dúró ṣe?

Fóònù tún sọ̀rọ̀. Làtífù ń gbọ́, ó ń mi orí. Ojú ẹ̀ tàn, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún ṣú.

LÀTÍFÙ: Wọ́n gbà, mà. Wọ́n ní agbádá yìí máa gba afẹ́fẹ́ ju ti Saheed lọ. Wọ́n ti ní kó bọ́ tiẹ̀.

ÀLÁJÀ: Kí lo wá ń fajú ro sí?

LÀTÍFÙ: Wọ́n ní nígbà tí mi ò ti bojú, tí orúkọ mi sì wà gàdàgbà láyà, àwọn ọ̀tá máa dá mi mọ̀ ni. Wọ́n ní kò sí bí mo ṣe lè yè é. Wọ́n máa pa mí níparí. Òkú náà ni, Àlájà.

ÀLÁJÀ: Kí wọ́n tó pa ẹ́, ṣé wàá sọ̀rọ̀?

LÀTÍFÙ: Mo máa sọ̀rọ̀ dáadáa, mà.

ÀLÁJÀ: Ẹni tó ń rì ńkọ́?

LÀTÍFÙ: Mo máa gbà á.

ÀLÁJÀ: Ojú ẹ máa hàn?

LÀTÍFÙ: Láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àlájà wọ gíláàsì ẹ̀ padà. Ó fa òwú wúrà já, ó fi ẹnu tọ́ ọ, ó ki í bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì na ọwọ́ kejì sí Làtífù.

ÀLÁJÀ: Bọ́ agbádá yẹn kíá, kí n kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀ náà. Bí wọ́n bá pa ẹ́ tí o bá ṣubú dojúdé ńkọ́?