Ìgbà Tí Wọ́n Ní Mo Ti Rù

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé: ọjọ́ tí mo sáré wọlé, tí mo bá àwọn èèyàn tó ń ṣàdúrà kí n má kù. Bẹ́ẹ̀, ara mi le koko lọ́jọ́ náà.

Ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà ni mò ń tà ní Lagos Town, ní Accra níbí. Nígbà tí wọ́n gé ọmú mi kan nítorí jẹjẹrẹ, ọkọ mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Hájíà, ló gbà mí sọ́dọ̀. Fùfú àti ọbẹ̀ ẹyìn ni Hájíà fi wò mí sàn, bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn. Mo sanra débi pé tí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á dìde fúnra rẹ̀.

Ni dókítà mi, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, bá pè mí jókòó. Ó ní irú jẹjẹrẹ tó ṣe mí yìí fẹ́ràn họ́mónù kan tó wà lára obìnrin, pé lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró bíi tèmi, ọ̀rá ara gan-an ló ń pèsè rẹ̀. Kí n má fi oògùn mi ṣeré, kí n máa rìn kíákíá, kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń dín kù, họ́mónù náà lè lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù pé kí àrùn yẹn padà wá ń bà mí ju kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lọ. Mo ra kámbúù, bàtà tí wọ́n fi ń sáré, mo wá ṣòkòtò onírọ́bà kan.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Hájíà pé oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́jú mi ni kí n dín kù? Ẹnu mi ò gbà á. Tí mo bá fẹ́ jáde láàárọ̀, màá ní mò ń lọ wo ọjà ní Agbogbloshie. Fùfú wọn, màá bu díẹ̀ jẹ, ewúrẹ́ wa á jẹ ìyókù. Nígbà tó yá, èmi ń rù, ewúrẹ́ ń sanra.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, mo sáré dé Kotobabi. Bí mo ṣe ń yí padà bọ̀ nílé, ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ìdí tó ń gbé e dúró tẹ́lẹ̀ ti lọ. Mo fọwọ́ kan di ìbàdí mú, mo ń sáré lọ. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń pè ní kókó rò pé wọ́n jà mí lólè ni, ló bá figbe ta ní èdè Gá pé olè, olè: “Julɔ! Julɔ!” Kí n tó mọ̀, àwọn ọkùnrin ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Mámà, ibo ló gbà?” ni ọ̀kan fi Twi bi mí.

“Kò sí olè. Ọ̀rá ara mi ni mò ń lé.”

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Alákókó ká ọwọ́ lérí. “Ao, Alata, w'afɔn,” ó fi Twi ní. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí; w'afɔn ni pé mo ti rù, àánú mi sì ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Àánú mi tún ṣe é sí i.

Mi ò mọ̀ pé àwọn oníbàárà mi ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí Hájíà létí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí mo wọ àgbàlá wa, Alfa àdúgbò wà lórí ẹní, àwọn obìnrin yí wọn ká, Hájíà ń nu ojú.

“Ta ló kú?” ni mo bi wọ́n.

Hájíà dìde, wọ́n di apá mi mú.

“Ìyàwó mi, má purọ́ fún mi. Ṣé ó ti padà ni?”

Ojú tì mí, ó sì dùn mí dénú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àyàfi ti ewúrẹ́.

“O ń sáré? Pẹ̀lú ara yẹn?”

“Hájíà, ara yẹn náà ló ń sáré, mà.”

“Sáré kí n rí i.”

Mo gbéra. Níbi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n rí agbára mi, mo fi ìbàdí sílẹ̀, mo ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ṣòkòtò ò bá mi dé ibi tí mò ń lọ. Ó já bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ mi níwájú Alfa, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu ewúrẹ́. Ọlọ́run yọ mí, mo wọ péńpé ọkọ mi olóògbé sábẹ́. Alfa fi fìlà bojú. Hájíà wo péńpé àbúrò wọn, wọ́n wò mí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Kí Alfa tó lọ, wọ́n fọwọ́ pa ikùn, wọ́n rọra bi mí bóyá eré sísá yìí ń ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Hájíà bá mi lọ gba èsì àyẹ̀wò tí dókítà ti ṣe fún mi. A wọ tírótírò, ọkọ̀ akérò ibí, lọ sí ọsibítù. Dókítà wò ó, ó rẹ́rìn-ín: kò sí àmì àrùn kankan, họ́mónù náà sì ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Mo sunkún, Hájíà sunkún, wọ́n sì ní ká yà ra kámbúù tiwọn bí a ṣe ń padà bọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ rù, kó kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sì ra bẹ́líìtì. Ewúrẹ́ nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn sọ́rọ̀ náà, torí kò rí fùfú jẹ mọ́. Èmi àti Hájíà la jọ ń sáré báyìí. Bí a bá kọjá ní Kotobabi, tí alákókó bá tún ní, “Alata, w'afɔn,” èmi a máa rẹ́rìn-ín. Hájíà ló máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí wọ́n á dá a lóhùn pé, “Àmín.”