Wọ́n Pín Kọ̀ǹpútà Bàbá Nathaniel ní Ìdí Igi

Ọ̀kadà méjì ló gbé ẹjọ́ kan wọ ààfin Igbó-Ìyeyè lánàá. Lábísí, ọmọ olóògbé Nathaniel Akínbọ̀wálé, wà lórí ti àkọ́kọ́, ó gbá àpótí kọ̀ǹpútà mọ́ra. Àbúrò rẹ̀, Túnbọ̀sún, wà lórí ìkejì, ó fi aṣọ ìbora wé gíláàsì tí à ń wò lára kọ̀ǹpútà náà bí ọmọ tuntun. Wọn ò kí ara wọn.

Igbó-Ìyeyè kò tóbi. Ẹni tó bá ń ti Ìlobí lọ sí Òkè-Ọ̀dàn lè gba ibẹ̀ kọjá kó tó parí ìpè kan lórí fóònù. Baálẹ̀ Ọdẹkúnlé tó wà níbẹ̀ kò tíì gba adé, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tó pè é ní Kábíyèsí wí rí. Ọ̀rọ̀ adé yìí gan-an ló mú kó gbọ́ ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹjọ́ ààlà oko kan ti ń dúró láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ adé wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ìtàn ìdílé rẹ̀ ní kíkọ. Nathaniel, ọ̀gá tíṣà tó fẹ̀yìn tì, nìkan ló kọ ìtàn ìlú náà. Inú kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ sí, ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ọ́, ó sì sọ fún Baálẹ̀ kó tó kú pé, "Orí keje, tiyín ni, látòkè délẹ̀." Láti ìgbà náà ni Baálẹ̀ ti ń fi orí keje yangàn láìtíì kà á.

"Kí ló dé?" Baálẹ̀ béèrè.

Lábísí kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kọ̀ǹpútà bàbá mi kò dìde mọ́. Tí a bá tan iná sí i, á mí, á ké, á wá kọ ọ́ síta pé òun ò rí ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ mẹ́ta ni mo pè láti Ìlaròó. Àkọ́kọ́ fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ìkejì ní ooru ló mú un, kí n gbé e síwájú fáànù. Ìkẹta gbàdúrà. Kábíyèsí, Túnbọ̀sún ló kó ọ̀rọ̀ bàbá mi kúrò nínú háàdì tó kàn mí."

"Kí ni wọ́n ń pè ní háàdì?"

"Irin pẹlẹbẹ kan ni, inú ikùn kọ̀ǹpútà ló máa ń wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Méjì ni Bàbá ní. Nígbà tí a pín ogún, ọ̀kan kàn wá, ọ̀kan kàn wọ́n."

Ìyàwó méjì ni Bàbá Nathaniel fi sílẹ̀, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì so pọ̀ mọ́ ọn, àti èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bí ẹni pé òun kò rí. Nítorí náà, ìdí igi ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀, ọ̀nà méjì fún ìyá méjì.

"Túnbọ̀sún, o gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ."

"Kábíyèsí, èmi gan-an ni wọ́n jà lólè. Mo so háàdì tèmi mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan. Kọ̀ǹpútà náà ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí òun lè kà, ó wá ń bi mí pé ṣé kí òun nù ún mọ́. Mo ní rárá. Ó tún bi mí. Mo ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi rán níṣẹ́."

"Níbo lo wá gbé e sí?"

"Orí dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì ni, Kábíyèsí."

"Orí kí ni?"

"Eku ló ń ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù wa. Ìyàwó mi ní bí kò bá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú, ó ṣáà wúwo. Oṣù mẹ́jọ rèé, eku kankan ò tó bẹ́ẹ̀."

"Bàbá wa lo fi ń lé eku," Lábísí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ gbé tiyín sórí tábìlì, tí ẹ tẹ́ léèsì sábẹ́ rẹ̀, tí ẹ ń sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀dọ̀ yín ni Bàbá wà, ṣé ó ti bá yín sọ̀rọ̀?"

Lábísí tún gèlè rẹ̀ ṣe. Túnbọ̀sún yọ háàdì náà lápò, kóró ìrẹsì méjì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dun Baálẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni orí keje òun fi wà lẹ́nu iṣẹ́ eku.

Ó yíjú sí Bàbá Ọláoyè, Ọ̀tún rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló pín ogún náà. "Ọ̀tún, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún. Àpótí lọ sọ́tùn-ún, gíláàsì lọ sósì. Mo wo ikùn rẹ̀, mo rí háàdì méjì, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Ta ni yóò rí méjì fún ìyá méjì tí kò ní pín in?"

Àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó ti Baálẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè pín in dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ò yọ nǹkan mìíràn?"

"Rárá o."

"Bàbá, ẹ yọ nǹkan róbótó kan tó ń dán," Lábísí wí.

"Kò sí nǹkan róbótó níbẹ̀."

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá," Túnbọ̀sún fi kún un. "Ẹ ní ìpín àgbà ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu àwọn méjèèjì kò látàárọ̀.

"Ìyẹn? Ìyẹn ò tó nǹkan."

"Ẹ ní kò sí i ni," Baálẹ̀ wí.

"Kábíyèsí, ohun tí kò tó nǹkan, ṣé a lè ní ó wà?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Wisdom, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ará Ẹ̀gùá tó to ẹ̀rọ náà fún olóògbé. Kùtọnu ló ti kọ́ṣẹ́, Faransé kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí háàdì kan lọ́wọ́ Lábísí, tó rí ìkejì lọ́wọ́ Túnbọ̀sún, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Ta ló tú wọn ká?"

"Àṣà ni," Bàbá Ọláoyè dá a lóhùn.

"Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó jalè. Réèdì là ń pe ètò tí mo ṣe fún Bàbá. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà á gé e wẹ́wẹ́, á ju ègé kan síbí, á ju èkejì sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tán. Kò sí èyí tó ní odindi ìwé nínú. Tí wọn ò bá sí níbì kan náà, irin lásán ni àwọn méjèèjì."

"Kí ló dé tó o fi ṣe irú rẹ̀ fún àgbàlagbà?"

"Mo sọ fún wọn pé òmíràn wà, tí háàdì méjèèjì máa ń kọ ohun kan náà, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìkejì á dúró. Wọ́n ní àwọn ò lè ra méjì káwọn máa lo ọ̀kan. Wọ́n ní èyí tó yára jù ni kí n ṣe, nítorí ọ̀gá tíṣà kan wà ní Ayétòrò tó ń kọ ìtàn ìlú tirẹ̀, àwọn ò sì fẹ́ kó ṣáájú àwọn parí."

Baálẹ̀ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ti dé sí i lẹ́nu, ó sì rí i pé gbogbo èèyàn ń wo òun.

"Ẹ wo ayé. Ọmọ bàbá kan ṣoṣo, ẹ gé ọ̀rọ̀ bàbá yín sí méjì. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ya háàdì wọ̀nyí nípa nílùú yìí, yóò fi ewúrẹ́ méjì tọrọ àforíjì. Wisdom, dá wọn padà síkùn kan náà, níwájú mi níbí."

"Dàkọ́ọ̀, Kábíyèsí. Mo gbà."

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Wisdom ki háàdì méjèèjì bọ inú àpótí, ó so gíláàsì mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà mí, ó ké, ó kọ̀. Wisdom yọjú wo inú rẹ̀.

"Bátìrì róbótó kan wà níbí tẹ́lẹ̀ tó ń bá a rántí ètò rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti gbàgbé pé ọ̀kan ni àwọn méjèèjì."

Ojú gbogbo ìgbìmọ̀ lọ sára Bàbá Ọláoyè. Bàbá wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lápò. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan so mọ́ ọn, inú rẹ̀ ni ìpín àgbà wà.

"Ó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni," ó wí.

Wisdom dá bátìrì padà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ṣàlàyé fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i pé ọ̀kan ni háàdì méjèèjì. Ojú rẹ̀ là. Àwòrán Bàbá Nathaniel yọ, ó wọ kóòtù, ó ká ọwọ́ láyà. Túnbọ̀sún ṣí fìlà. Lábísí fi etí ìró nu ojú.

Baálẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sunkún tán. "Orí keje. Ẹ kà á sókè kí ìgbìmọ̀ gbọ́."

Nítorí pé kálukú ń bẹ̀rù kí ẹnì kejì má fo nǹkan kan, wọ́n ń kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"'Bàbá bàbá Baálẹ̀ Ọdẹkúnlé kì í ṣe ọmọ ìlú yìí,'" Lábísí kà.

"'Ẹrù iyọ̀ ló rù láti Pọ̀bẹ̀, òjò dá a dúró, ó sì tọrọ ibi tí yóò sùn lọ́wọ́ bàbá bàbá mi,'" Túnbọ̀sún kà.

"'Bàbá bàbá mi ní kó sùn mọ́jú.'"

"'Kò sẹ́ni tó rántí jí i.'"

"'Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dé, tó ní òun fẹ́ rí olórí ìlú, gbogbo ọkùnrin ti lọ sóko.'"

"'Òun nìkan ló wà nílé. Ó ń sùn. Bí wọ́n ṣe fi í jẹ Baálẹ̀ nìyẹn.'"

Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí tán. Ìdájọ́ mi rèé. Ìdí igi ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Oníṣẹ́ kan ò lè ti Ẹ̀gùá wá tú àṣà wa. Ẹ yọ háàdì méjèèjì kíá. Kálukú gbé tirẹ̀ lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún bá wọn pọ̀, ewúrẹ́ mẹ́rin."

"Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a yà wọ́n," Lábísí wí.

"Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rí nígbà yẹn."

Bàbá Ọláoyè ti fi fìlà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Kábíyèsí, ẹ ní sùúrù. Ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á lọ."

Túnbọ̀sún ti ṣí ojú ìwé tó kàn. "'Orí kẹjọ: Ìdílé Ọláoyè, àti ewúrẹ́ ìkórè tó sọnù ní ṣọ́ọ̀ṣì.'"

"Ìdájọ́ Kábíyèsí tọ̀nà," Bàbá Ọláoyè wí.

"'Orí kẹsàn-án...'"

"Ó tọ̀nà," gbogbo ìgbìmọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ sì kú. Títí di báyìí, a ò mọ ẹni tó pa á.

"Àwọn àlejò Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, Kábíyèsí?" Lábísí béèrè. "Wọ́n ní kíkọ ni wọ́n fẹ́."

"Ẹnu ni a ó fi sọ ọ́ fún wọn. Ó dùn jù bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dìde. Wisdom yọ háàdì fún kálukú, ó sì di àpótí àti gíláàsì mọ́ ọ̀kadà kan. Baálẹ̀ dúró lójú fèrèsé kó lè rí i pé ọ̀nà wọn yà. Ọ̀kadà kejì ni àwọn ọmọ méjèèjì jọ gùn. Lábísí gbé báàgì kan lé itan, ó sì na ọwọ́ gba háàdì Túnbọ̀sún, ó jù ú sínú rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Túnbọ̀sún béèrè, "agogo mélòó ni àwọn èèyàn adé ń dé ní Ọjọ́bọ̀?"

"Mẹ́wàá," Lábísí dáhùn. "A ó ti tan kọ̀ǹpútà, a ó ti jókòó kí wọ́n tó dé."