Ọládépò Gbé Gáàsì Lọ Síbi Ìkórè

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ló yẹ kó kí òun, Ọládépò ni. Gáàsì ìdáná ló ń tà. Ẹ má pè é ní onígáàsì o, inú á bí i. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ ni Sólè Dísítíríbútọ̀, ìyẹn ni pé òun nìkan ló ni gáàsì títà. Èyí tí àwa sọ ọ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ọládépò Ọkọ Iná, Baba Afẹ́fẹ́, a-pa-iná-onílé-kó-tó-kí-onílé.

Bí obìnrin bá kí i lóòró, sílíńdà rẹ̀ á sun ọ̀sẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù Ọládépò. Bó bá kúnlẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá kúnlẹ̀ tó tún pè é ní Olóyè, ó lè bá a wò ó lọ́la. Ta ló fi í joyè? A ò mọ̀. Òun náà ò sọ.

Kò ní òṣùwọ̀n. Apá rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Á gbé sílíńdà sókè díẹ̀, á di ojú, á ní, "Ó ti kún." Ó kún nìyẹn. Bó bá tán lọ́jọ́ kẹsàn-án, á ní, "Ẹ̀yin lẹ dáná jù. Ẹ dín oúnjẹ kù."

Ìyá mi wà lára àwọn tó ń kúnlẹ̀. Kéèkì ìgbéyàwó ló ń yan. Ó ta aṣọ òkè méjì kó tó ra sílíńdà tiẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ tó kú, sílíńdà náà wà lọ́dọ̀ Ọládépò, ó ń dúró de gáàsì.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, èmi àti Morẹ́nikẹ́ àbúrò mi lọ gbé e. Morẹ́nikẹ́ ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wa. Ọládépò ò ní ká jókòó.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá yín. Kí lẹ wá ṣe?"

"A wá gbé sílíńdà wa ni, sà."

"Sílíńdà ta?"

"Ti ìyá wa, sà."

"Ìyá yín ọ̀hún dà?"

Morẹ́nikẹ́ wolẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó ni ín ti lọ. Òfin tuntun ni. Ìjọba ti tú ọjà gáàsì sílẹ̀. Bí oní-sílíńdà bá kú, sílíńdà á padà sọ́wọ́ Sólè. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe èmi."

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà?"

"Ṣé o lè kà á ni?"

Pírámárì mẹ́ta ni mo kà dé. A yí padà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun sílíńdà ìyá wa ní ọ̀dà pupa.

Lásìkò yẹn ni Mùílì, awakọ̀ kan láti Ọ̀yọ́, ń kó gáàsì wá sí Sábó lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òṣùwọ̀n rẹ̀ wà lójú mọ́tò. Ojú rẹ ló ti máa wọ̀n ọ́n.

"Àbúrò, ọjà ti ṣí," ló sọ fún Morẹ́nikẹ́. "Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o ti rà. Bíi ti kòkó náà ni. Nígbà kan, Bọ́ọ̀dù ìjọba nìkan ló ń rà á. Ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká, ta ni ò ra kòkó báyìí? Ṣáà gbé sílíńdà rẹ wá."

Sílíńdà wo?

Ọ̀rọ̀ Mùílì dé etí Ọládépò. Ó jáde, ó ń wàásù láti ojúlé dé ojúlé. "Ọlọ́run kan, oòrùn kan, Sólè kan! Gáàsì Ọ̀yọ́ àti gáàsì Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbé inú sílíńdà kan. Wọ́n á jà. Bí wọ́n bá sì jà, òrùlé rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí."

Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn. Ìyá Ànúolúwa, tó ti ra gáàsì Mùílì ní Sábó, gbé sílíńdà jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Morẹ́nikẹ́ fi igi yan kéèkì, nínú ìkòkò oníyanrìn. Apá kan jó, apá kejì tutù. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó gbà á, wọ́n fajú ro. Wọ́n ní nítorí ìyá wa ni. Kéèkì kan ló tún kù lọ́wọ́ rẹ̀, ti ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ti sọ fún un: bí èyí náà bá jó, kó gbàgbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ ìkórè ni lẹ́tà dé fún Ọládépò láti iléeṣẹ́ gáàsì kan n'Íbàdàn. Ìwé funfun, òǹtẹ̀ pupa, orúkọ rẹ̀ lókè. Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Ọládépò rí orúkọ, ó rí òǹtẹ̀. Kí ló tún kù? Ìwé oyè dé nìyẹn. Kò fún ẹnikẹ́ni kà. Ẹni tó bá gbé lẹ́tà fún ẹlòmíì kà ti jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun. Bí Ọlọ́run bá ṣe ọ́ lóore tó ní ìwé nínú, o ò kàn ní dúpẹ́ lásán. Wàá gbé ìwé náà wá, akọ̀wé ìjọ á kà á sétí gbogbo ará, wòlíì á wá gbàdúrà lé e. A ti ka ìwé ilẹ̀. A ti ka ìwé mọ́tò. Lọ́dún kan, a ṣèèṣì ka ìwé ìpẹ̀jọ́ wolé-wolé, a sì ṣe àmín sí i.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ọládépò wọ sùtánà tó ní wáyà góòlù lọ́rùn. Ọkùnrin méjì gbé sílíńdà kan tẹ̀ lé e, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so ó lọ́rùn. Ọrẹ rẹ̀ nìyẹn: sílíńdà tó kún fọ́fọ́, fún ilé ìdáná Olúwa.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Sábó," ló ní, "ẹ la etí yín. Àṣẹ mi ti dé. Akọ̀wé, túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Má fo nǹkan kan."

Akọ̀wé ìjọ ni Bàbá Simon, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fi ojú kà á tán. Ó wúkọ́.

"Olóyè, ṣé kí n kà á?"

"Kà á!"

"Gbogbo ẹ̀?"

"Títí kan òǹtẹ̀!"

Simon bẹ̀rẹ̀. "Sí Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò àti gbogbo àwọn tó ń ta gáàsì."

"Ẹ gbọ́ o! Orúkọ mi ló ṣáájú!"

"Àmín!" ni ìjọ wí. Wọ́n ti mọ́ ọn lára.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìwé àṣẹ ló lè tà á báyìí. Kò sí Sólè ní ìlú kankan mọ́."

"Àmín!"

Ọládépò ṣì ń mi orí. Orí náà dúró.

"Ẹni tó ń ra gáàsì lè rà á níbikíbi tó bá wù ú. Sílíńdà kan náà lè gba gáàsì lọ́wọ́ ẹni yòówù."

"Àmín!" Èyí dún ju tàkọ́kọ́ lọ.

"Ẹni tó bá ra sílíńdà ló ni ín. Ẹni tó ń ta gáàsì ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e, ohun yòówù kó fà á."

Morẹ́nikẹ́ nìkan ló ṣe àmín yẹn. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ.

"Olùtajà gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n, kó sì wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń rà á."

"Simon, ìyẹn tó," ni Ọládépò wí.

"Ẹ ní kí n má fo nǹkan kan, Olóyè. Ó ku òǹtẹ̀."

Babátúndé dìde. Èkùrọ́ ló ń rà ní Ìkòyí-Ilé. Òṣùwọ̀n rẹ̀ wà níta nítorí àwọn àpò tó mú wá fún ìkórè. "Wòlíì, ẹ jẹ́ ká wọn ti Olúwa wò."

"Ta ní ń wọn ọrẹ?" ni Ọládépò figbe ta. "Èèwọ̀ ni!"

"Ẹ wọ̀n ọ́n," ni wòlíì wí.

Wọ́n gbé e kọ́. Ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ wà lára irin ọrùn rẹ̀: kílò mẹ́rìnlá. Bó bá kún, ó yẹ kó lé ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n lọ, ó gbọ̀n, ó dúró lórí mẹ́tàdínlógún.

"Háà," ni Ìyá Ànúolúwa wí. "Olúwa náà dáná jù ni?"

Ẹ̀rín pa ìjọ. Àwọn akọrin jókòó sílẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Ọládépò ń wí. "Afẹ́fẹ́ kì í wúwo! Ó jò lójú ọ̀nà ni!"

Babátúndé po ọṣẹ, ó fi kun ẹnu sílíńdà. Bó bá ń jò, á hó. Kò hó. Àfi ẹnu Ọládépò nìkan.

Wòlíì ò gbàdúrà lé ìwé náà. Ó ní, "Lọ gbé sílíńdà àwọn ọmọ yìí wá."

"Màá rán èèyàn, Bàbá."

"Ìwọ ni mo rán."

Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà. Oòrùn ọ̀sán, ọ̀dà títì Tákíé. Baba Afẹ́fẹ́ gbé sílíńdà ìyá mi karí, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí ọ̀dà, ìjọ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀dà pupa tó tún fi kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì tutù. Ó ń ṣàn sí i lọ́rùn.

Ó dé ilé wa. Ó bèèrè ibi tí òun máa gbé e sí. Mo ní síbi tí ìyá wa máa ń gbé e sí. Kò mọ ibẹ̀. A ò sọ fún un. Ó dúró pẹ̀lú ẹrù lórí títí tí Morẹ́nikẹ́ fi gbá ibẹ̀, tó nù ún, tó tún nù ún. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń nù ún. Mi ò kán an lójú.

Nígbà tí ọkùnrin náà máa jáde, obìnrin mẹ́wàá ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Olóyè, sílíńdà tiwa ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú wọn ti bá a ká òṣùká tuntun.