Okùn Tó Há Sọ́wọ́ Aránṣọ

Àná ni ẹjọ́ kan gbé ara rẹ̀ wọ ààfin, ẹjọ́ tí ẹni tó pè é kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ìyá àgbà rẹ̀ ló bá a ṣí i. Ọmọge aránṣọ ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jòjòló, okùn òwú kan sì lọ́ mọ́ ìka rẹ̀, ó ṣe bí àkàsọ̀ kékeré.

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní bí òun bá fọwọ́ kanlẹ̀, àkàsọ̀ á tú.

Ó wá rojọ́. Ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù òun àti ti aránbàtà. Bí iṣẹ́ bá ti dẹ̀, aránbàtà á wọlé, wọ́n á máa ṣeré okùn: òun á na okùn sọ́wọ́, aránbàtà á ki ìka bọ̀ ọ́, á gbà á, àwòrán ẹja á di afárá, afárá á di àkàsọ̀. Láàárọ̀, nígbà tó kan aránbàtà láti gbà á, ńṣe ló dìde, ó fọwọ́ sápò, ó bá tirẹ̀ lọ. Látìgbà náà, òun ò rán aṣọ kankan. Ìyá àgbà ló ń bá òun họ imú.

"Ó fi mí sílẹ̀, Kábíyèsí. Orí àkàsọ̀ ló fi mí sí."

Kò fẹ́ wo aránbàtà tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá. Ó ṣáà wò ó. Ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fọ pọ́líìṣì kúrò lọ́wọ́, títí dé abẹ́ èékánná.

Aránbàtà ní ọwọ́ òun ló dọ̀tí láàárọ̀, òun ò fẹ́ ba òwú jẹ́.

"Funfun ni òwú yẹn nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀," ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ẹ wò ó bó ṣe dúdú."

Ni onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì bá jẹ́rìí pé irọ́ ni, aránbàtà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbà á ni, ojú òun kòró ló ṣe.

Ìjòyè kan ṣí fìlà. Ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín irun rẹ̀ kọjá.

"Orí mi lò ń fá láàárọ̀, àbí eré lò ń wò?"

Onígbàjámọ̀ jókòó.

Ìyá àgbà ní aránbàtà kò gbàgbé rárá, òun lòun kọ́ àwọn méjèèjì. Ìyá àgbà tòun ló fi okùn èèpo igi kọ́ òun, lọ́jọ́ tí òjò há gbogbo ilé mọ́lé. Àkàsọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbà á, okùn á tú, eré parí.

Kábíyèsí yíjú sí aránbàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀.

"Bó bá parí, Kábíyèsí, kí ni màá ní mo wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la?"



"Ìwọ náà," Kábíyèsí bi aránṣọ, "ṣé o ò lè gbọn okùn yẹn dànù ni?"

Aránṣọ wo okùn ọwọ́ rẹ̀. "Mo lè gbọ̀n ọ́n dànù, Kábíyèsí."

Ẹ̀rín sọ. Kábíyèsí bi ìyá àgbà bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó ní ó wà: bí wọ́n bá ti abẹ́ gba àkàsọ̀, ẹja ni yóò tún dà, eré ò ní tán láéláé. Kò sẹ́ni tó bi òun ni.

Kábíyèsí dájọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi. Aránbàtà, ti abẹ́ gbà á. Ẹni tí eré yìí bá parí sí lọ́wọ́, onígbàjámọ̀ yìí ni yóò máa fá orí rẹ̀ títí ayé."

Ìjòyè ní ìyà náà ti le jù.

Aránbàtà kúnlẹ̀, ó ki ìka mímọ́ rẹ̀ sábẹ́ okùn. Àkàsọ̀ yí, ó di ẹja. Ọwọ́ aránṣọ bọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò níbẹ̀. Imú ń yún un, kò tilẹ̀ rántí họ ọ́.