Ẹ̀kọ́ Bí A Ti Ń Di Igi

Ìka méjì péré ló fi ṣe é. Ó tẹ ìkọ́ tó wà lọ́rùn ajá náà, ìkọ́ dún kẹ́, okùn já bọ́. Ó gbọn okùn náà bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára ìwé-ẹ̀rí, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì fa etí okùn náà méjèèjì títí wọ́n fi gùn dọ́gba láyà rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni pátákó wà, tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sí pé: Ẹ SO AJÁ YÍN MỌ́ OKÙN.

Aránṣọ rí i láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí maṣíìnì.

"Ó ti tún tú u sílẹ̀," ló wí. Kò bá ẹnì kankan sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jókòó sábẹ́ tábìlì ìgé-aṣọ, fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé.

Ọ̀gá Ohùn ni àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ka ìròyìn fún aráyé títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí wọ́n sì ní kó lọ sinmi, ara rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ kò gbà. A-sọ̀rọ̀-kí-ewé-mì. A-kí-ara-rẹ̀-kó-tó-kí-aládùúgbò. Bó bá húkọ́ ní yàrá, ará ìta á ní ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń béèrè iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, á dà bí ẹni pé ogun ló ń kéde.

Ajá rẹ̀ ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Ó pupa bí bíríkì, itọ́ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mábẹ̀rù lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Ohùn ní òun mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkàn àwọn tó bá ń pàdé rẹ̀ lè máa balẹ̀.

"Ohùn mi ni okùn rẹ̀," ló máa ń wí. "Ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ ò bá níyì ló ń fi okùn fa ajá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ajá nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Mábẹ̀rù já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ káfíńtà tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ńṣì. Ọ̀gá Ohùn dúró lókèèrè, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ò kúkú dì í mú!" Ajá náà gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ ìyá àgbà kan sá lọ, ó fi ìyá sílẹ̀ ní ìdúró bí òpó tí wọ́n yọ ilé kúrò lórí rẹ̀. "Igi ni, màmá. Ajá wo ló máa rí igi nílẹ̀ tí kò ní gbé e?" Ajá lé ọkùnrin kan tó ń sáré ìmárale wọ inú gọ́tà. "Ta ní ní kẹ́ ẹ máa sáré?"

Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ohùn, ajá kì í jẹ̀bi. Bí iná bá jó ilé, ilé ló gbẹ jù.

Ti ọmọ aránṣọ ló yàtọ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Ó ń gba àárín pápá bọ̀ láti ilé-ìwé nígbà tí Mábẹ̀rù fò mọ́ ọn, tó tẹ́ ẹ sórí koríko, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé e láyà, tó sì ń lá a lójú. Kò gé e jẹ. Ọ̀gá Ohùn wà nídìí igi lọ́hùn-ún, ó ń kà á bí ìròyìn: "Ó ń kí ọ ni! Dúró jẹ́ẹ́! Kí i padà!"

Ọmọ náà kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba àárín pápá mọ́. Títì ńlá ló ń gbà yí ká, níbi tí tírélà ti ń sáré, tí kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè tẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ráyè, á ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ mú un. Lọ́jọ́ tí kò bá ráyè, ọmọ á dá wá.

Lọ́jọ́ kan, ó wọlé láìsí fìlà lórí.

"Fìlà rẹ dà?"

"Atẹ́gùn tírélà ló gbé e."

"Ibo lo dúró sí?"

"Ibi tí mo máa ń dúró sí ni."

Aránṣọ gé òwú, ó dìde, ó lọ sílé akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ní ìpàdé, ohun tó sọ kò pọ̀. "Pátákó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá Ohùn dìde. Ó húkọ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́ bí ẹni ń retí agogo.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ajá ni kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí àwa? Mábẹ̀rù mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ọmọ yín ni ò mọ bí wọ́n ti ń gba ìkíni. Ẹ fún mi ní òwúrọ̀ Sátidé kan péré, màá kọ́ wọn. Bí mo bá kọ́ wọn tán, ẹ jẹ́ ká wú pátákó yẹn dànù. Ó ń ba ojú pápá jẹ́."

"Bí ẹ̀kọ́ náà kò bá wọ ajá létí ńkọ́?" ni aránṣọ bi í.

"Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kọ́, ìyá. Ajá ti mọ̀wé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohùn náà ló dùn. Kò sẹ́ni tó yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Akọ̀wé, ẹni tí kì í fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láìtò, ní kò burú: lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, lórí pápá níbẹ̀, kí oníkálukú nawọ́. Bí àwọn tó fẹ́ kí ajá máa rìn fàlàlà bá pọ̀ jù, wọn á wú pátákó.

Bí aránṣọ ti ń jáde, ó ń wo ọwọ́ àwọn tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n pọ̀. Lọ́kàn rẹ̀, títì ńlá ló rí, àti fìlà tó ń yí lábẹ́ táyà.

Lọ́jọ́ kejì, ta ló gbé aṣọ wá fún un láti rán?

"Aránṣọ wa! Kóòtù òun ṣòkòtò ni mo fẹ́ fún Sátidé. Funfun! Kó funfun débi pé bí mo bá dúró lórí koríko, wọn á rò pé òṣùpá ló jábọ́."

"Funfun kì í bo ìdọ̀tí láṣìírí o, ọ̀gá."

"Ìdọ̀tí wo? Níbo ni ìdọ̀tí á ti rí mi?"

Aránṣọ kó píìnì sẹ́nu, ó kúnlẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mábẹ̀rù ti nà gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà kan dé, ó wo ajá, ajá wò ó, ó padà.

"Ẹ bá wa mú un síta, ọ̀gá."

"Kó lọ ṣe kí ni níta? Ó fẹ́ràn èèyàn."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Èèyàn á kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ mi kò le rárá. Igi! Kí ọmọ di igi. Kó ju apá sílẹ̀, kó pa ojú dé, kó má mira. Bí ajá bá ti rí i pé igi ni, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Aránṣọ gbójú sókè. Ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu.

"Igi," ló wí.

"Igi!"

"Ẹni tó bá sá ńkọ́?"

"Ẹni tó bá sá ló jẹ̀bi."

Orí kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Bàbá, ṣé igi lè rẹ́rìn-ín?"

"Kò lè rẹ́rìn-ín."

"Bí nǹkan bá ń ṣe é ńkọ́?"

"Ohun yòówù kó máa ṣe é, igi kì í mira."

"Ohun yòówù?"

"Ohun yòówù! Iwájú gan-an ni ìwọ máa dúró, kí gbogbo ayé lè rí ọ."

Orí náà padà sábẹ́ tábìlì. Aránṣọ fi píìnì kan há ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà. Ṣòkòtò náà gùn ju bó ti yẹ lọ, ó tún un há.

Sátidé dé. Àwọn ọmọ tò sórí koríko, àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ńṣì. Káfíńtà wà níbẹ̀, búrẹ́dì rẹ̀ wà nínú àpò. Ìyá àgbà ti ra ọ̀pá mìíràn. Ọkùnrin ìmárale rọra rìn wá.

Aránṣọ di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú níwájú ìlà. "Kò pọn dandan fún ọ o."

"Mo fẹ́ wò ó ni," ọmọ náà dáhùn.

Ọ̀gá Ohùn wọ pápá nínú funfun. Wọ́n ní kó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi omi lọ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Ìka méjì. Kẹ́. Okùn bọ́ sọ́rùn rẹ̀.

Mábẹ̀rù kò wẹ̀yìn. Ó lọ bá àwọn igi tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó gbóòórùn igi àkọ́kọ́, ó gbé ẹsẹ̀. Ó gbóòórùn ìkejì, ó gbé ẹsẹ̀. Ó ń lọ sídìí ìkẹta.

"Ẹ má wo ajá, èmi ni kẹ́ ẹ wò!" Ọ̀gá Ohùn na ara rẹ̀ gbọnran, ó ju apá sílẹ̀, ó pa ojú dé. Gbogbo ara rẹ̀ di igi, ó ku ẹnu. "Báyìí la ti ń ṣe é. Bí ajá bá ń bọ̀, ẹ má bẹ̀rù."

Mábẹ̀rù gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi igi ìkẹta sílẹ̀, ó yà wá.

"Ó ti ń bọ̀," ni Ọ̀gá Ohùn ń kà láìlajú. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí koríko. Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń gbóòórùn mi, ìbọ̀wọ̀ nìyẹn. Ó ń yí mi ká. Ó ń rò ó wò bóyá ènìyàn ni mí tàbí igi. Láìpẹ́ ẹ ó rí i pé ó ti gbà pé igi ni—"

Ó ti gbà. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè.

Ìròyìn já láàárín.

Aránṣọ rí i bó ti ń ṣàn. Láti orúnkún, ó bọ́ sójú ìlà tí òun fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lóru àná, ó gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó wọnú bàtà. Ìlà náà tọ́ gan-an ni.

Mábẹ̀rù kò kánjú.

Kò sí ọmọ tó mira. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n di igi, wọ́n fún ètè mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Àwọn àgbà ni ò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá àgbà fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ó mà ti bomi rin ín!"

Ọ̀gá Ohùn lajú. Ó wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ má mira," ni ọmọ aránṣọ wí jẹ́jẹ́. Ojú kan ló pa dé, ìkejì là rekete. "Ohun yòówù."

Ọ̀gá Ohùn mira. Ó ta ajá nípàá, kò bà á. Mábẹ̀rù rò pé eré ti dé; inú rẹ̀ dùn, ó fò mọ́ ọn. Ọ̀gá Ohùn yí padà, ó sá. Ajá sáré tẹ̀ lé e, ó fi eyín mú ìdí kóòtù, aṣọ dún fàà. Ọkùnrin tó ti ka ìròyìn ogun láìmí kanlẹ̀ fò gorí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ káfíńtà.

"Mábẹ̀rù! Mábẹ̀rù!"

"A ò bẹ̀rù," ni káfíńtà wí. "Ẹ̀yin lẹ gun bẹ́ńṣì."

"Ta ní ní kẹ́ ẹ máa sáré?" Ọkùnrin ìmárale ló ké.

"Ó ń kí yín ni!" ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn. "Ẹ kí i padà!"

Mábẹ̀rù gbé ẹsẹ̀ iwájú lé etí bẹ́ńṣì, ó ń lá bàtà tó tutù. Ọ̀gá Ohùn na ọwọ́ sókè bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní oyin nínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ dé títì ńlá.

"Ẹ gbà mí! Ẹ so ajá yìí! Ẹ so ó mọ́lẹ̀!"

Akọ̀wé dìde. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Àbá ti wà nílẹ̀," ló wí. "Ọ̀gá Ohùn ló dá a. Ẹni tó bá fẹ́ kí a máa so ajá, kó nawọ́."

Ọwọ́ ń gòkè. Ìyá àgbà na ọ̀pá. Káfíńtà na méjì, wọ́n ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Aránṣọ na tirẹ̀. Akọ̀wé kà wọ́n láti ìsàlẹ̀, ó sì ka ti orí bẹ́ńṣì mọ́ ọn, nítorí òun ló ga jù.

"Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Pátákó dúró."

"Okùn dà?" ni Ọ̀gá Ohùn ń ké. "Ta ló mú okùn?"

Gbogbo wọn ń wo ọrùn rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé ojú wọn, ó fọwọ́ kàn án. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, ó sì pẹ́ kí ìkọ́ tó mú. Nígbà tó dún kẹ́, ọmọ aránṣọ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí wọ́n ti ń ṣe létí títì, ó sì gba àárín pápá kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá Ohùn náà ń lọ. Ajá ló ṣíwájú, tó ń fà á. Nídìí igi ìkẹta, ajá dúró. Òun náà dúró, ó ń wo ojú ọ̀run, títí ajá fi ṣe tán. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Nídìí ìkẹrin, wọ́n tún dúró.